Máìlì 150 Lórí Kẹ̀kẹ́: Odò Àfọwọ́gbẹ́ Àti Ọgbà Àjàrà Ilẹ̀ Faransé

Bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ láàárín wa, iṣẹ́ ni ọkàn púpọ̀ nínú wa máa ń lọ sí. Láyé àwọn bàbá wa, tíṣà ló ń gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé. Akọ̀wé oníkòkó ló ń gùn ún lọ wọn kòkó. Ẹlẹ́mu ló ń so agbè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ lọ́jà kí oòrùn tó mú. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn sọ pé òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, láìjẹ́ pé ó ní ohun tó fẹ́ lọ rà tàbí ohun tó fẹ́ lọ tà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ lè bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà kan wà tí àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ń lọ gun kẹ̀kẹ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsáré, láìbá ẹnikẹ́ni díje. Ọ̀nà náà ń bá odò kan lọ láti ìlú Toulouse títí dé itòsí Òkun Mẹditaréníà. Odò yìí kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Canal du Midi ni orúkọ rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì tó máìlì 150. Ẹ jẹ́ kí a jọ tẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà létí odò yìí kan oníṣòwò, ó sì kan olùkọ́.

AGBOWÓ-ORÍ IYỌ̀

Kí odò yìí tó wà, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kó ẹrù láti òkun kan ilẹ̀ Faransé bọ́ sí èkejì ní láti yí ilẹ̀ Spéènì po. Ìjì ń bẹ lọ́nà, àwọn olè ojú omi náà sì ń bẹ. Ọba mélòó kan ti rò ó pé kí wọ́n gbẹ́ odò la ilẹ̀ náà já, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ń dá wọn dúró: ilẹ̀ náà ga láàárín, níbo ni omi tí yóò kún odò lórí òkè yóò ti wá?

Ẹni tó dáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́ omi. Pierre-Paul Riquet ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Béziers, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni gbígba owó-orí iyọ̀ fún ọba. Riquet ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ń ṣàn láti orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Dúdú. Ó ní bí a bá la ojú omi fún wọn, tí a darí wọn wá sí ibì kan tó ń jẹ́ Naurouze, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 620, omi yóò pín ara rẹ̀ sí méjì níbẹ̀: apá kan yóò máa lọ sí ìhà Òkun Àtìláńtíìkì, apá kejì sí ìhà Mẹditaréníà. Ní ọdún 1662 ó kọ lẹ́tà sí Colbert, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ pàtàkì Ọba Louis Kẹrìnlá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1666 ọba fi ọwọ́ sí i.

Riquet ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọjọ́ orí tí ọlọ́rọ̀ máa ń fẹ́ jókòó ti owó rẹ̀ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí nílẹ̀ náà.

OWÓ ỌJỌ́ ÒJÒ

Nígbà tí iṣẹ́ gbóná tán, àwọn òṣìṣẹ́ tó 12,000, ọkùnrin àti obìnrin. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀, agbọ̀n ni wọ́n fi ń ru ú. Ẹ fi etí sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀: láyé ìgbà náà, alágbàṣe tí òjò bá dá dúró kì í gba kọ́bọ̀. Riquet ń san owó ọjọ́ òjò, ó ń san ti ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń san ti ẹni tí àìsàn dá wó. Àwọn onílẹ̀ tó wà nítòsí bínú sí i, wọ́n ní ó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò wọ́n ọn.

Owó ọba ń falẹ̀, iṣẹ́ kò sì lè dúró. Riquet kó owó ara rẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó yáwó. Wọ́n ní owó tí ó tọ́jú de ìgbéyàwó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pàápàá bá a lọ.

LÁTI TOULOUSE DÉ NAUROUZE

Bí ẹ bá gbéra ní Toulouse, nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú, tí kẹ̀kẹ́ ń yọ́ lórí rẹ̀. Odò wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, igi ńlá ń ṣíji bò yín. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ẹṣin ń tọ̀ láyé àtijọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi okùn fa ọkọ̀. Oko àlìkámà ló wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ kò tíì dé ibi àjàrà.

Láìpẹ́ ẹ ó bá ilẹ̀kùn omi pàdé. Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ni wọ́n fi òkúta kọ́ sínú odò, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń gòkè yóò wọlé láti ìsàlẹ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn yóò sì jẹ́ kí omi òkè wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí omi ti ń ga ni ọkọ̀ ń ga, títí yóò fi bá odò òkè dọ́gba. Nígbà náà ni wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Irú rẹ̀ tó 63 lójú odò yìí. Yàrá wọ̀nyí rí bí ẹyin, wọn kò ní igun. Ìdí ni pé ọ̀kan tí Riquet kọ́kọ́ kọ́ ní ògiri gbọọrọ, erùpẹ̀ tì í wó. Ó kọ́gbọ́n, ó yí ògiri náà po, kò sì wó mọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lè mú èyí lọ sí kíláàsì.

Lẹ́yìn Naurouze ni ìlú Castelnaudary wà. Oúnjẹ tí ìlú náà fi lórúkọ ni ẹ̀wà funfun tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ yára padà sórí kẹ̀kẹ́.

ỌGBÀ ÀJÀRÀ

Láti Carcassonne, ìlú tí odi àtijọ́ rẹ̀ ṣì dúró yí i ká, àjàrà bẹ̀rẹ̀. Ìlà lé ìlà, bí ìwé tí a fà lílà fún ọmọ kíláàsì kìíní, ó kún orí ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà ọ̀dà ti tán. Erùpẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò igi ló kù, ìdí yóò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ ó máa gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín.

Odò yìí ló sọ àjàrà ibẹ̀ di ọjà. Ọkọ̀ ń kó wáìnì àti àlìkámà, ọkọ̀ mìíràn ń kó èrò, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń ti Toulouse dé Agde. Abúlé Le Somail wà lára ibi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ sùn. Ní ọdún 1857 rélùwéè gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ odò díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn Le Somail ni Argeliers, abúlé Marcelin Albert, tó ní ọgbà àjàrà tó sì ń ta ọtí. Ní ọdún 1907 wáìnì kò lówó lórí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ní ohun tó fà á ni pé àwọn kan ń fi ṣúgà àti omi lú wáìnì, wọ́n sì ń tà á bí ojúlówó. Ẹni tó bá ti ra ẹmu tí wọ́n bu omi lù mọ irú ìbínú wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ènìyàn 87 péré ló tẹ̀lé Albert láti Argeliers lọ sí Narbonne. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ogunlọ́gọ̀ tó pé jọ ní Montpellier kò ṣeé kà. Ìjọba rán sójà lọ sí Narbonne, wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ṣe òfin lòdì sí lílú wáìnì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá Albert. Ó yọ́ lọ sí Paris láti bá Clemenceau, olórí ìjọba, sọ̀rọ̀. Clemenceau fún un ní owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sílé, franc 100, ó sì gbà á. Kíá ni ìròyìn náà tàn ká. Àwọn tí wọ́n ń pè é ní olùgbàlà lánàá ní ó ti gba rìbá. Owó ọkọ̀ lásán ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ní òṣì ló kú ní abúlé rẹ̀ ní ọdún 1921. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ ṣọ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń gba nǹkan.

IHÒ, ÀTẸ̀GÙN OMI, ÀTI IKÚ

Kí ẹ tó dé Béziers ẹ ó rí Malpas, níbi tí odò wọ abẹ́ òkè lọ, nínú ihò tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 500. Òun ni ihò abẹ́ òkè àkọ́kọ́ tí wọ́n gbẹ́ fún irú odò bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fonserannes, níbi tí yàrá omi mẹ́jọ ti so mọ́ra bí àtẹ̀gùn, tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí Béziers, ìlú tí wọ́n bí Riquet sí.

Riquet kò rí òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1680 ló kú ní Toulouse, nígbà tí ohun tó kù láti gbẹ́ kò tó nǹkan mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1681 ni wọ́n ṣí odò náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló dúró níbẹ̀. Gbèsè ni wọ́n jogún, ó sì ju ogójì ọdún lọ kí èrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ìdílé náà.

ÀWỌN IGI TÓ Ń KÚ

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń dun gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Igi tí wọ́n ń pè ní platane, bí 42,000, ló wà létí odò yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2006 wọ́n rí àrùn kan lára wọn, tí kò ní oògùn. Wọ́n gbà pé inú igi tí wọ́n fi kan àpótí ọta ìbọn àwọn sójà Amẹ́ríkà ló bá wọ ilẹ̀ Faransé nígbà ogun Hitler. Omi ń gbé e kiri, okùn ọkọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ igi náà ń tàn án kálẹ̀. Igi tó bá mú, wọn yóò gé e, wọn yóò sì sun ún, àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ ìbòòji tẹ́lẹ̀ ti di gbangba oòrùn. Igi oríṣi mìíràn ni wọ́n ń gbìn dípò wọn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÓ BÁ Ń LỌ

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ẹbí lọ́hùn-ún, tó sì fẹ́ dán an wò, kí ó lọ ní oṣù karùn-ún, tàbí ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí wọ́n ń kórè àjàrà. Máìlì ọgbọ̀n lóòjọ́ ti tó. Kí ó mú kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn, tíúbù méjì, pọ́ǹpù, àti omi mímu. Kí ó gbéra láti Toulouse, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cers sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, yóò sì máa ti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó lu agogo fún àwọn apẹja àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá dé Sète, ọkọ̀ ojú irin wà tí yóò gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà ní wákàtí díẹ̀.

Kí ó sì dúró díẹ̀ níbi tí àwọn igi tuntun wà. Kékeré ni wọ́n, wọn kò tíì lè ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbìn wọ́n mọ̀ pé àwọn lè má jókòó lábẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Riquet, tí kò wọ ọkọ̀ kankan láti Toulouse dé òkun. Ẹ̀yin òbí tó ń san owó ilé ìwé, àti ẹ̀yin tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín.