Bí A Ṣe Ń Darí Abẹ̀bẹ̀ Oníná Láìséwu



Ẹni tí kò bá tí ì lo oṣù kẹrin ọdún ní Niamey kò tí ì mọ ohun tí ń jẹ́ ooru. Ní Yantala, àdúgbò tí mo gbé ní ìlú náà, ooru ọ̀sán a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ògiri a sì máa tú u jáde di òru. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ oníná tí a ń pè ní fáànù kì í ṣe ohun afẹ́; òun ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn.

Lẹ́yìn àtúnṣe kan, fáànù òkè àjà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òdìkejì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sókè dípò ìsàlẹ̀. Mo yí rẹ́gúlétọ̀ ara ògiri sí òdo, fáànù dúró, mo gun àga, mo sì nawọ́ sí wáyà. Iná gbé mi, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Orí ni ó kó mi yọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ là yé yín: pé fáànù dúró kò túmọ̀ sí pé iná kò sí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń yí i. Kọ́ìlì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, èyíinì ni wáyà bàbà tí a wé jọ. Ọ̀kan ń gba iná tààrà, èkejì ń gba tirẹ̀ láti inú kàpásítọ̀. Kàpásítọ̀ yìí ni ó ń mú kí iná kọ́ìlì kejì ṣáájú ti èkínní díẹ̀, tí agbára òòfà fi ń yí po, tí apá fáànù sì ń tẹ̀lé e. Ọ̀nà yìí ni Galileo Ferraris ará Ítálì àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1888, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kàpásítọ̀ bá ti bàjẹ́, fáànù yóò máa kùn láìyí. Ibi tí a bá sì tì í sí ni yóò máa yí lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá pààrọ̀ wáyà méjì tí ó ti ara ògiri wá, fáànù yóò yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kọ́ìlì méjèèjì ni a yí padà pọ̀, èyí tí ó ṣáájú ṣì ń ṣáájú. Ohun tí ó tọ́ ni kí a pààrọ̀ orí méjèèjì kọ́ìlì kan ṣoṣo, kí a fi èkejì sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí orí kọ́ìlì náà kò bá jáde síta, kí a gbé e fún oníṣẹ́ iná. Ní ti ẹ̀rọ ìlọ ọkà ńlá tí ń lo wáyà oníná mẹ́ta, a ó pààrọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dúró pátápátá kí a tó yí i padà.

Rẹ́gúlétọ̀ ni ó ń dín eré fáànù kù, nípa dídín agbára iná tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kù. Fáànù gba irú èyí, nítorí bí eré rẹ̀ ti ń dín ni ẹrù atẹ́gùn tí ó ń tì ń fúyẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta kò gbà á: ẹrù rẹ̀ kò fúyẹ́, yóò máa fa iná púpọ̀ sí i, yóò gbóná, kọ́ìlì rẹ̀ yóò sì jóná. Nítorí náà, ẹ má ṣe so rẹ́gúlétọ̀ fáànù mọ́ ẹ̀rọ mìíràn.

Nísinsìnyí, kí ni ó fa ìṣubú mi? Orí wáyà oníná, tí a ń pè ní láìfù, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní phase, ni ó yẹ kí súwíìṣì àti rẹ́gúlétọ̀ wà. Orí nútúrà ni tèmi wà. Nígbà tí mo pa á, fáànù dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó so ó ti Nàìjíríà wá bí èmi. Ó rí wáyà dúdú, ó sì kà á sí nútúrà. Ẹ wò ó: nínú àwọn ilé àtijọ́ tí a fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ní Nàìjíríà àti Gánà, pupa ni láìfù, dúdú ni nútúrà. Nínú ìlànà Faransé, tí a ń bá pàdé ní Niger, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, búlúù ni nútúrà, dúdú sì lè jẹ́ láìfù. Àwa tí a ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan fáànù, kí ó ṣe báyìí:

Èkínní, kí ó pa súwíìṣì àgbà, kí ó sì rí i pé ẹlòmíràn kò lè tàn án. Kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé pé iná ti lọ. Láti 1976 ni Niamey ti ń gba iná láti Nàìjíríà, a sì gé e ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Iná tí ó bá lọ kì í sọ ìgbà tí yóò dé.

Èkejì, kí ó fi tẹ́sítà kan ibi tí ó mọ̀ pé iná wà, lẹ́yìn náà kí ó fi kan gbogbo wáyà fáànù, kí ó sì tún padà sí ibi àkọ́kọ́, kí ó lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà kò kú.

Ẹ̀kẹta, kí ó rántí pé kàpásítọ̀ lè fi iná pamọ́ sínú. Kí ó fi gílóòbù olókùn àtijọ́, tí a so wáyà méjì tí a bò dáadáa mọ́, fa iná náà tán.

Ẹ̀kẹrin, kí ó so wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé òun ìyeyè, mọ́ ara irin fáànù.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Tẹ́sítà ni a fi ń bèèrè lọ́wọ́ wáyà. Ẹ má ṣe gba àwọ̀ gbọ́ kí ẹ tó bèèrè.