Ayùn Oníná àti Iná tí ń Lọ tí ń Bọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń ṣe káfíńtà ní Dei-Dei ti pa ayùn ọwọ́ tì. Oníná, tí ó ní wáyà, ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ yá. Akọ̀wé ni èmi, n kò mọ pákó là, ṣùgbọ́n ìka ni káfíńtà fi ń jẹun.

Bí iná bá lọ lójijì, òmíràn a gbé ayùn kalẹ̀, a lọ jẹun, láì pa súìsì. Bí NEPA (orúkọ àtijọ́ náà ni ẹnu wa mọ̀) bá dá iná padà, ayùn a bẹ̀rẹ̀ sí yí fúnra rẹ̀, bóyá nítòsí ọmọdé. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ ayùn.

Wáyà tí ó bó, ẹ má fi ọ̀rá wé e, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: iná 230 volt ń pani. Wáyà àfikún tẹ́ẹ́rẹ́, tí a tún ká jọ, a máa gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ̀yìn yín ni kí ó gbà, kí ayùn má baà gé e.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà ọ̀gá náà kí ẹ tó san owó.