Bí Ẹsẹ̀ Ṣe Ń Kọ́ Ìrìn Padà Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀



Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀: "Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń jẹun, àmọ́ ẹsẹ̀ ò gbé wọn. Òògùn wo ni ká rà kún un?" Àwa tí à ń ta òògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́: kò sí hóró òògùn tàbí abẹ́rẹ́ tó ń kọ́ èèyàn ní ìrìn. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti èyí tí wọ́n ń fún àwọn kan kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì, wà kí àrùn náà má padà wá. Ẹ má dá wọn dúró láì bi dókítà. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ló ń dá ìrìn padà.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́, ọpọlọ ni. Ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan níbẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ ya síbẹ̀, apá tó ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ sì kú. Èyí tó kù nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń kọ́ wàláà ló máa kọ́ ọ, ní àkọ́túnkọ́. Ẹni tó fẹ́ dìde gbọ́dọ̀ máa dìde. Ẹni tó fẹ́ rìn gbọ́dọ̀ máa rìn. Òróró gbígbóná tí à ń fi ra ẹsẹ̀ kò kọ́ ọpọlọ ní nǹkan kan, ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná mọ́ sì lè jóná kí aláìsàn má mọ̀.

Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ńlá ló ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí tẹ̀lé aláìsàn 408, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n fi ìgbànú gbé àwọn kan rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìrìn. Àwọn yòókù, oníṣẹ́ físíò ló ń lọ bá wọn nílé, tó ń mú wọn ṣe ìdánrawò tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Nígbà tí ọdún yí po, ìrìn àwọn tó ju ìdajì wọn lọ díẹ̀ ti sàn sí i, ẹ̀rọ kò sì ta ilé yọ. Ìtura nìyí fún ẹni tó wà ní Ìtòkín, tí owó ọkọ̀ dé LASUTH n'Ikẹjà ń kó ìdààmú bá.

Ẹ má sì torí èyí sọ pé ẹbí nìkan tó. Ní Índíà, wọ́n kọ́ ẹnì kan nínú ẹbí, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ nílé. Èsì 2017 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn kò sàn ju àwọn tí ẹbí wọn kò gba ẹ̀kọ́ náà. Físíò gbọ́dọ̀ máa wo aláìsàn, kó máa fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ bí agbára bá ṣe ń padà. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́.

Dídìde lórí àga ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àga onígi ni kí ẹ lò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Àga tìmùtìmù tó ń gbé èèyàn mì kò dára. Kí aláìsàn fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kó tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi kọjá orúnkún, kó tó gbé ìdí. Ẹsẹ̀ tó le ló máa fẹ́ gbára lé. Kó rántí fi ìwúwo díẹ̀ sórí èkejì. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kó di tábìlì mú, kó máa ti ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, lẹ́yìn náà kó máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára, yóò di ọ̀já tí a so mọ́ ìbàdí rẹ̀ mú. Ẹ má fi apá tó rọ fà á dìde láé, èjìká lè yẹ̀.

Tí físíò bá ti fọwọ́ sí i, kó dìde kó jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Láti Àsùbá dé Ìṣáì, ó di àádọ́ta lóòjọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo aago.

Ní ti ìrun fúnra rẹ̀, Ànábì wa gba ẹni tí kò lè dìde láyè láti kí i ní ìjókòó, tàbí ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Àwọn bàbá kan ń fi agbára lọ sí ìforíkanlẹ̀ nítorí ojú ayé. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ojú èèyàn ṣú bó bá sáré dìde. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró, kí dókítà sì gbọ́. Àlùwàlá tún ṣòro ju ìrun lọ, nítorí ilẹ̀ tó tutù. Kó jókòó ṣe é, kó sì wọ bàtà tó di gìgísẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí náà, kí a tó dá owó kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ṣé a ti fi irin ìdìmú sí ibi àlùwàlá?

Bí ìyá ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, ẹ ṣì lè bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà yẹn, àwọn tó dúró di oṣù kẹfà kí wọ́n tó gun ẹ̀rọ kò gbẹ́yìn nígbà tí ọdún pé. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ lọ́, tàbí tí apá kan tún rọ lójijì lákòókò ìdánrawò, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.