Gọ́tà Ajégúnlẹ̀ àti Igi Ẹ̀gbà Etí Ọ̀sà

Ìdáàbòbò ẹja, igi àti ẹranko etí omi ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú gọ́tà. Ilẹ̀ agbègbè náà rẹlẹ̀ púpọ̀, òjò tó bá sì rọ̀ sí àdúgbò bíi Boundary, Tolu tàbí Olodi-Apapa, odò tó ti ọ̀nà Àgbádárìgì ṣàn wá sí ọ̀sà Èkó ló ń forí lé. Ike omi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, abọ́ fóòmù tí wọ́n fi bu ìrẹsì: gbogbo ohun tí òjò bá bá nínú gọ́tà ló ń wọ́ lọ.

Kí Wharf Road ní Àpápá tó di ọ̀nà tírélà, ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà (mangrove) ló pọ̀ létí omi ibẹ̀. Àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn kọ́ èbúté ọkọ̀ ńlá sí Àpápá. Èbúté Tin Can Island tẹ̀lé e ní 1977. Ibi tí wọ́n ti fi iyanrìn dí ti kúrò ní igbó. Ohun tó ṣẹ́kù wà ní àwọn erékùṣù tó dojú kọ Àpápá àti lọ́nà Àgbádárìgì, òun ló sì yẹ kí a fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Gbòǹgbò ẹ̀gbà máa ń yọ sókè lórí ẹrẹ̀, á tẹ̀ kọrọdọ, omi iyọ̀ á máa wọlé á máa jáde láàárín rẹ̀. Orí igi ni èso rẹ̀ ti ń hù, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù. Bó bá já nígbà tí omi ti fà, ó lè gún ẹrẹ̀ ní òòró kó sì ta gbòǹgbò níbẹ̀. Bó bá já sínú omi, ìgbì á gbé e lọ síbòmíràn. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí kí ẹja ńlá má baà gbé wọn mì. Apẹja tó ń ju àwọ̀n sí ọ̀sà ń jẹ èrè igbó tó lè má fojú kàn. Níbi tí ike àti ọ̀rá bá ti tẹ́ bo ẹrẹ̀, èso ẹ̀gbà kì í rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Ewu tún ti ojú omi wá. Ojú oró àti òṣíbàtà kì í ṣe àjèjì fún apẹja, ṣùgbọ́n ní 1984, ewéko mìíràn tó ní òdòdó elésè àlùkò gba odò Àgbádárìgì wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin. Lásìkò òjò, á bo omi bámúbámú débi pé ọkọ̀ kò ní lè kọjá, ẹja kò sì ní rí atẹ́gùn tó. Omi iyọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á.

Ní Ajégúnlẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára àwọn tó gbéjà ko ike. African Cleanup Initiative gbé ètò RecyclesPay kalẹ̀, nínú èyí tí òbí lè fi ike san lára owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Morit International School wà lára àwọn tó gbà á. Ọmọ á ru àpò ike wá, wọn á gbé e sórí ìwọ̀n, wọn á sì yọ iye tó bá jẹ́ kúrò nínú owó tó yẹ kí òbí san. Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012, ti ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kó irú ike bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò RecyclesPay jinlẹ̀: owó ilé ìwé ni ìrònú tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí sùn, òun gan-an ni wọ́n sì so mọ́ ìmọ́tótó omi. Ìjọba Èkó fi òfin de abọ́ fóòmù ní oṣù January 2024, wọ́n sì fẹ òfin náà dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn ní July 2025. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró ti gbogbo gọ́tà.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Igi ẹ̀gbà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gé fi se iyọ̀, wọ́n sì ń fi yan ẹja, títí igbó fi ń tán lọ. Àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ Eco-Bénin wá fi apá kan igbó náà sábẹ́ àṣẹ Zangbeto, egúngún tó ń ṣọ́ ìlú, ẹni tó bá sì gé igi níbẹ̀ ti rú èèwọ̀ ìlú. Ní 2017, UNESCO ka agbègbè Mono mọ́ àwọn ibi tí ayé ń dáàbò bò, ní Benin àti Togo. Àwọn Ẹ̀gùn tó wà ní Ajégúnlẹ̀ mọ Zangbeto dáadáa, ṣùgbọ́n Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Èèwọ̀ ẹ̀yà kan kò lè de gbogbo wọn. Ilé ìwé ni gbogbo wọn jọ ní.

Ilé ìwé náà ni Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́. Wọ́n ń dá ẹgbẹ́ ìdáàbòbò ẹ̀dá sílẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń mú wọn rìn nínú igbó Lẹ́kí, hẹ́kítà 78 tí wọ́n ti ń tọ́jú láti 1990.

Gbígbin ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ kò le. Wọn á ṣa èso tó ti gbó, wọn á ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà, tí ìgbì ọkọ̀ ńlá kò sì dé. Ibi tí omi kì í ti fà rárá ló sábà máa ń pa á. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ ló gba ojú: ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣa ike kúrò lára ọ̀dọ́ igi, kí ó sì bá àwọn tó ń wá igi ìyanja sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá omi náà nìkan ló lè ṣe é lójoojúmọ́.