Irin Oníná: Orúkọ tí ó Yẹ Irin Kẹta

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Èkó, lè lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Marina. Ọkọ̀ yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbà mọ̀. Ojú irin àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, kò ní ju irin méjì lọ; èédú ni ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lò, kí ó tó di ti epo. Àwọn ènìyàn a máa fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, wọn a sì máa pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá rẹ̀, àṣà tí ó léwu nígbà náà pàápàá. Ṣùgbọ́n ti Marina ní irin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì wọ̀nyí, èyí tí iná mànàmáná ń gbà wọ inú ọkọ̀. Kì í rú èéfín, kì í sì í dún; ó sì lè pa ẹni tí ó bá fara kàn án.

Bí ògbufọ̀ bá pè é ní "irin kẹta", iye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Irin amúnáwá" yóò mú ẹ̀rọ amúnáwá ilé wá sí ọkàn. "Irin oníná" ni ó yẹ kí a kọ sára pátákó. Bí èrò kan bá tilẹ̀ rò pé iná tí ń jó ni, kò burú. Kò kúkú ní sún mọ́ ọn.