Ìtàn tí A Bẹ̀rẹ̀ láti Àárín

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìwé kíkà máa ń mú wá: wọ́n ní àwọn ìwé ìtàn òde òní kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó kú ní ojú ewé kìíní a tún máa jẹun ní ojú ewé ogún! Wọn a ka orí mẹ́ta, wọn a sì pa ìwé dé.

Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tààrà ni ọ̀pọ̀ àlọ́ wa ń lọ: Ìjàpá jáde nílé, ó hu ìwà ọ̀kánjúwà, ìyà jẹ ẹ́, àlọ́ parí. Ẹni tí èyí ti mọ́ lára, ìtàn tó ń fò síwá fò sẹ́yìn lè tètè sú u.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìwé kan, Purple Hibiscus, tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní ọdún 2003. Kambili, ọmọbìnrin ọdún 15, ni ó ń sọ ìtàn náà. Láti Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: Jaja ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀, kò gba Ara Olúwa, bàbá wọn bínú, ó ju ìwé àdúrà, àwọn ère kéékèèké ìyá wọn sì fọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó tó padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Apá yìí ló gùn jù nínú ìwé.

Kí ló dé? Bí ẹjọ́ ṣe ń dé iwájú baálẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n lù kì í bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ojú ọgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń fi hàn. Baálẹ̀ ni yóò bi í pé, "Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó bá pa ìwé dé ní ojú ewé àkọ́kọ́ yóò ka Jaja sí aláìgbọràn lásán; kò ní mọ ìyà tí bàbá náà ti fi jẹ wọ́n. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Nítorí náà, bí ìtàn bá ń fò, ẹ fa ìlà kan sórí bébà, kí ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Adichie kọ àkókò sí orí apá kọ̀ọ̀kan. Kò fi wá sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Òǹkọ̀wé tó bá ń fò láìsí àmì, tí fífò náà kò sì fi nǹkan kan kún ìtàn, òun ló jẹ̀bi, kì í ṣe òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ẹjọ́ náà kí ẹ tó gbọ́ ọ tán.