Lọ́rì Dísù Tí Ó Ń Kú Bí A Bá Ti Fi Sí Jíà

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń jẹun láti inú ẹrù tí ń ti ilé bọ̀: gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti aṣọ tí ń gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ dé Lọ́kọ́jà kí ó tó dé ọjà Wuse. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Mercedes 911 àtijọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà títí di òní.

Àìsàn kan wọ́pọ̀ lára àwọn àgbà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa dún dáradára níbi tí ó dúró, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti fi sí jíà, ẹ́ńjìnnì á kú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wàhálà ni. Lórí òkè, ewu ńlá ni, nítorí ọkọ̀ tí ó ru ẹrù lè yí padà sẹ́yìn lu ènìyàn. Ìdílé kan nínú wa kó ẹrù ìgbéyàwó ọmọ wọn sínú irú ọkọ̀ yìí. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kan ní kí awakọ̀ ra pọ́m̀pù epo mìíràn. Ó rà á, owó lọ, ọkọ̀ tún kú. Òróró kílọ́ọ̀ṣì ni ó ti jò tán. Ìyàwó ti dé ilé ọkọ kí ẹrù tó dé.

Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì dísù tí ó yọrí sí rere ní 1897. Kò ní púlọ́ọ̀gì bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá 500 Celsius. Pọ́m̀pù á wá fín epo sí i, epo á sì gbiná. Nígbà tí a bá fi ọkọ̀ sí jíà, ìwúwo ọkọ̀ dé orí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kú, yálà ìwúwo náà dé kí àkókò rẹ̀ tó tó, tàbí ẹ́ńjìnnì kò ní agbára láti gbé e.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí ìgbà tí ó kú gan-an.

Èkíní: bí ó bá kú nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣì tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú. Ẹ fi òkúta dí táyà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kí ó fi sí jíà kìíní. Bí jíà bá ké gàràgàrà, tàbí bí ọkọ̀ bá fẹ́ rìn, ẹ wo òróró kílọ́ọ̀ṣì, ibi tí ó ti ń jò, àti bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù rẹ̀.

Èkejì: bí ó bá kú nígbà tí ó ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo bíréèkì. Níbi tí bíréèkì afẹ́fẹ́ bá wà, ó lè má tú bí afẹ́fẹ́ kò bá tíì kún.

Ẹ̀kẹta: bí bíréèkì bá tú, ẹ wo epo. Ìdọ̀tí àti omi a máa dí fílítà. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ọkọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáradára, ihò tí táǹkì fi ń mí ni ó dí. Ẹ fi pọ́m̀pù ọwọ́ fa epo. Bí ó bá ń hó jáde bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù epo. Èéfín dúdú sábà ń sọ pé afẹ́fẹ́ kò tó: ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré tó nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí epo, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlóò. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀. Pọ́m̀pù epo àti nọ́sù ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí owó wọn wọ́n.

Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè kì í bá irú ìjà yìí pàdé. Ẹ́ńjìnnì dísù ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Ìdú àti Kàdúná ní 2016 kò ní kílọ́ọ̀ṣì bíi ti lọ́rì: dísù ń yí jẹnẹrétọ̀, iná mànàmáná sì ni ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ ní kí awakọ̀ fi ọkọ̀ sí jíà lójú yín lẹ́yìn tí ẹrù bá ti kún. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àgbákò lójú ọ̀nà.